Apẹja Tó Wọ Bàtà

Àwa mẹ́sàn-án péré là ń ṣe Lítíréṣọ̀ nígbà tí mo wà ní SS2, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bariga. Àwọn tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì máa ń sọ pé àlọ́ la ń lọ gbọ́, wọ́n á ní tí a bá débẹ̀ ká bá àwọn kí ìjàpá. Àwa náà kì í dákẹ́. A máa ń ní ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ ewì, ayé ò lè tàn án jẹ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? N kò mọ̀.

Ìwé tí a ń lò kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ wa àtijọ́, obìnrin kan tó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ, ló kó ìtàn kúkurú àti ewì tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ, kí a lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ní àkàyé kí a tó bọ́ sórí àwọn ìwé ìdánwò. Ìtàn méjì àti ewì mẹ́fà ni. Nígbà tó ń wá ẹni tó máa bá òun dì í, èmi ni mo nawọ́ sókè.

Mo ní, "Mà, bàbá mi ń di ìwé ní Shomolu."

Òótọ́ ni. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídì ní Shomolu kí wọ́n tó bí mi. Ní òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò sí ilé tí wọn kì í ti tẹ nǹkan: ẹni kan ń tẹ kàlẹ́ńdà, ẹni kan ń tẹ ìwé ìpè ìsìnkú, ẹni kan ń fi ẹ̀rọ gé pépà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n á tẹ ìwé tán níbòmíràn, wọ́n á wá kó ewé rẹ̀ fún bàbá mi ní òkìtì-òkìtì. Yóò to àwọn òkìtì náà sórí tábìlì gígùn kan, yóò máa rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, yóò máa mú ewé kọ̀ọ̀kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan títí odindi ìwé yóò fi pé sí i lọ́wọ́. Ó ku gọ́ọ̀mù àti èèpo ẹ̀yìn. Ó ń ka Bíbélì Yorùbá bí ẹni ń mumi, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yé e. Kò sì dí i lọ́wọ́. Nọ́ńbà ojú ìwé ló máa ń tẹ̀ lé, nọ́ńbà kò sì ní èdè.

Ìwé tiwa kò ní nọ́ńbà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà gbàgbé. Olùkọ́ wa ní kò burú, ìwé kékeré ni. Bàbá mi náà ní kò burú, òun á fi ojú sí i. Ó fi ojú sí i lóòótọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọgọ́ta ìwé ti délẹ̀ fún àwa àti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, èèpo ẹ̀yìn wọn ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Èmi àti bàbá mi la jọ gbé páálí méjèèjì dé ilé ẹ̀kọ́. Mo gbé ọrùn sókè bíi pé èmi ni mo kọ ọ́.

Kò pẹ́ sí i ni olùkọ́ wa japa. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí òkè òkun, a pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, kò wọlé mọ́. Ni wọ́n bá fún wa ní àgùnbánirọ̀ kan.

Ọmọ Èkìtì ni àgùnbánirọ̀ yìí, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣòkòtò kákí rẹ̀ kò dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi pé tó bá ń sọ ọ́, a máa ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ kìíní tó wọlé, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó tó gùn ju ìlà pátákó lọ, ó ní ohun tí Lítíréṣọ̀ jẹ́ nìyẹn. A dà á kọ. Títí di òní, n kò mọ ohun tó jẹ́.

Ìtàn kìíní nínú ìwé náà dá lórí apẹja kan. Kò sí orúkọ kankan nínú ìtàn náà, "ọkùnrin náà" àti "ìyàwó rẹ̀" ni òǹkọ̀wé ń pè wọ́n. Wọ́n jà láàárọ̀ lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Ọkùnrin náà bínú jáde lọ sí èbúté, ìyàwó rẹ̀ sì gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e. Bí apẹja ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀, ó ní…

Ojú ìwé yẹn parí síbẹ̀. A ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun tó wà lókè rẹ̀ ni: "Bàtà yìí ti há jù, ó ń fún mi lẹ́sẹ̀." Gbogbo àwọn tó jókòó ní ọ́fíìsì náà sì yíjú wò ó.

Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nawọ́. Ọmọ Obanikoro ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí nǹkan ò bá yé e, kò ní gbà kó kọjá.

Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni bàtà ti wá?"

Àgùnbánirọ̀ wo ìwé. Ó wo ojú fèrèsé. Ó tún wo ìwé. Mo rántí pé ó fa ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣọ́ọ̀kì, ó kọ "BÀTÀ" sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, ó fa ìlà yí i ká.

Ó ní, "Ìbéèrè tó dára. Òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ kì í la gbogbo ọ̀nà fún òǹkàwé. Ẹ ti fo omi láti èbúté dé ọ́fíìsì. Ta ló gbé yín fò ó? Òun náà ni."

Ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní bàtà tó há ni ìgbéyàwó wọn. Apẹja náà kò sọ pé òun fẹ́ kọ ìyàwó òun, bàtà ló sọ. Lójijì, ọkùnrin náà ti bá omi lọ, ìyàwó ló kù, ó ti dé ìlú ńlá, ó ń wá iṣẹ́ ní ọ́fíìsì, bàtà ọkọ rẹ̀ ṣì ń fún un lẹ́sẹ̀. Nígbà tó débi tí obìnrin náà ti bọ́ bàtà, tó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé lọ bá ọ̀gá, ohùn àgùnbánirọ̀ ti ń gbọ̀n. Òmìnira nìyẹn, ó ní. Ọ̀kan nínú wa pàtẹ́wọ́.

Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnìkejì mi lórí bẹ́ǹṣì tẹ ẹnu mọ́ mi létí, ó ní, "Ṣé ó yé ẹ?"

Mo ní, "Ṣé kò yé ìwọ ni?"

Kò yé èmi náà. Ṣùgbọ́n ó dùn.

Àwọn ewì tẹ̀ lé e, wọn kò fún wa ní wàhálà púpọ̀. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni a ti tún bá ojú ìwé kan tí kò ní àkọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Bí mo bá pẹ́, ẹ jẹun, ẹ má dúró dè mí." Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tu ọkọ̀, ó pa ẹja mọ́kànlá, ó padà délé lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún un, iyọ̀ inú ọbẹ̀ sì pé. Ó tán. Àgùnbánirọ̀ ní ewì tó wọ aṣọ ìtàn ni èyí, ikú ló sì ń sọ. Ó ní ta ló máa ń ní kí wọ́n má dúró de òun bí kò ṣe ẹni tó ń kú lọ? Ẹja mọ́kànlá ńkọ́? Ó ní ká lọ ronú sí i. Mo ronú sí i. Mo ka àwọn àpọ́sítélì, mo yọ Júdásì, ó ku mọ́kànlá. Mo nawọ́, mo sọ ọ́. Àgùnbánirọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Ojú kejì ewé kan náà ni ìtàn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, tòun ti àkọlé. Ọmọbìnrin kan jí ní ìdájí, ó rọra ń múra kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà jí. Ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ohun tó ń wá jáde, ó sì bọ́ síta. Nígbà tó débi tó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní… Ìwé tán. Èèpo ẹ̀yìn ló kù.

Àgùnbánirọ̀ ní òǹkọ̀wé fi ìyókù sílẹ̀ fún wa ni. Iṣẹ́ àṣetiléwá wa nìyẹn: kí ni ó fà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí sì ni ó sọ? Ẹnì kan kọ ìbọn. Ẹnì kan kọ ejò. Èmi kọ lẹ́tà tí ìyá wọn tó ti kú fi sílẹ̀, mo fi omijé sí i dáadáa. Ẹnìkejì mi kọ ìlà kan ṣoṣo: "Bàtà ló fà jáde. Kí ló tún máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?" Àgùnbánirọ̀ fi bíròò pupa kọ ọ́ sí i pé kò fi ọpọlọ ṣiṣẹ́.

Nígbà tó yá, ó ní kí a kọ àròkọ lórí bàtà apẹja. Mo gba méjìdínlógún nínú ogún. Ẹnìkejì mi gba mẹ́rin, nítorí pé ohun tó kọ ni pé bàtà náà kò yé òun, ó sì jọ pé kò yé ẹni tó kọ ọ́ náà. Wọ́n ka tèmi sókè, wọ́n ka tirẹ̀ sókè. A fi tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, n kò ní purọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa ní Ladi-Lak kò gbà mí mọ́. Bí màmá mi bá ní kí n gbálẹ̀, màá ní ìgbálẹ̀ lè jẹ́ àmì nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá ní ọbẹ̀ ò ta, màá ní ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ata dúró fún. Bàbá mi á wò mí, á mi orí, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Màmá mi ní tirẹ̀ á ní, "Ohun tí ata dúró fún ni pé kí o lọ rà á."

Ọmọ etí omi ni màmá mi. Ìlàjẹ tó wà ní Bariga níbí ni wọ́n bí i sí, ẹja ló sì ń tà. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó ń to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀, bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gé èékánná. Mo mú àròkọ mi jáde. Mo ní kí wọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ wọn kọ. Nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni, mo kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún wọn ní Yorùbá: ìjà orí iyọ̀, èbúté, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, "bàtà yìí ti há jù."

Màmá mi dá ọwọ́ dúró. "Apẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó wọ bàtà wọ ọkọ̀?"

"Màámi, àmì ni."

"Àmì kí ni? Àmì pé orí rẹ̀ ò pé? Bàbá mi tó bí mi pẹja fún ogójì ọdún, n ò rí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àfi ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Bàtà nínú omi! Ṣé ó fẹ́ yọ̀ ṣubú ni?"

Mo mí kanlẹ̀ bí àgùnbánirọ̀ ṣe máa ń mí. Mo ní, "Kò lè yé yín, Màámi. Lítíréṣọ̀ ni."

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹja kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti gbé ohun tó fi ń gé èékánná sílẹ̀.

Ó ní, "Níbo ni ọkùnrin náà lọ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Òǹkọ̀wé kò sọ, sà. Ìyàwó ló kù. Ó ti wà ní ọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì wo?"

"Ó kàn wà níbẹ̀ ni, sà."

"Gbé ìwé yẹn wá."

Mo gbé e wá. Kò ṣí i bí ẹni tó fẹ́ kà á. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó wo ibi tí gọ́ọ̀mù wà, ó fi àtàǹpàkò ka àwọn ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ìdí ìwé, ó dúró. Ó ní kí n ka ìlà tó gbẹ̀yìn níbi tí apẹja ti gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo kà á, mo túmọ̀ rẹ̀: ó bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀, ó ní.

"Wàyí o, ka èyí," ó ní, ó sì nawọ́ sí ewé tó kẹ́yìn ìwé.

Mo kà á: "Bí mo bá pẹ́, ẹ jẹun, ẹ má dúró dè mí."

Màmá mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ohun tí apẹja máa ń sọ nìyẹn!"

Bàbá mi ní kí n yí ewé náà padà, kí n ka ìlà tó gbẹ̀yìn ojú kejì rẹ̀. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní. Ó tún ṣí ìwé padà sí ojú ìwé ọ́fíìsì, ó ní kí n ka ìlà kìíní. Bàtà yìí ti há jù.

Ewé kan ṣoṣo ni. Ó ti ibi tó yẹ kó wà kúrò, ó lọ jókòó sí ìdí ìwé, ni ìtàn méjì bá di ọ̀kan. Apẹja kò wọ bàtà. Kò kú. Ó lọ pa ẹja, ó padà wálé, ó jẹun. Ọmọbìnrin tó ń wá iṣẹ́ ló yá bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìtọrọ rẹ̀, tí bàtà sì fún un lẹ́sẹ̀ ní ọ́fíìsì. Àwọn àpọ́sítélì mi mọ́kànlá padà di ẹja.

Bàbá mi ní, "Òjò ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọjọ́ tí òun ń to ìwé náà, òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò, omi ń kán sórí tábìlì. Òun sáré gbé òkìtì kan kúrò lójú omi, òun gbé e sórí àpótí. Nígbà tí òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, òun rí òkìtì tó dá wà lórí àpótí, kò ní nọ́ńbà, òun ní á jẹ́ pé òkìtì náà ló kẹ́yìn. "Gbogbo ọgọ́tọ̀ọ̀ta," ó ní. "Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀."

Màmá mi ti ń nu omijé ẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, òǹkọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ wọ bàtà fún apẹja."

Bàbá mi kò bá a ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní òun máa lọ bá olùkọ́ wa ní àárọ̀ Mọ́ńdè, òun á gbé ọ̀bẹ àti gọ́ọ̀mù dání, òun á tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀."

"Èmi mọ̀."

"Wọ́n á gba máàkì mi."

"Máàkì wo?"

"Méjìdínlógún, sà. Lórí bàtà."

Mo rí i pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orí àṣìṣe mi lo ti gba méjìdínlógún. Á jẹ́ pé mẹ́sàn-án ni tìrẹ, mẹ́sàn-án ni tèmi. Mo ti dá tèmi padà. Ìwọ lọ ronú sí tìrẹ."

Ní Mọ́ńdè, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé fìlà, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Mo ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí a dé yàrá àwọn olùkọ́, bàbá mi tẹ orí ba fún àgùnbánirọ̀ tó lè bí lọ́mọ, àgùnbánirọ̀ sáré dọ̀bálẹ̀ fún un, bàbá mi ní "Háà, ọ̀gá tíṣà, ẹ dìde," àgùnbánirọ̀ ní "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi," wọ́n ń tẹrí ba fún ara wọn títí fìlà bàbá mi fi bọ́. Ara mi wá ilẹ̀ kó wọ̀.

Bàbá mi sọ gbogbo rẹ̀, kò dín, kò lé. Ó mẹ́nu ba òjò, ó mẹ́nu ba àpótí, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n ṣe àwáwí. Àgùnbánirọ̀ gba ìwé. Ó ka ojú ìwé apẹja, ó ṣí ìdí ìwé, ó tún padà. Ó ṣe é nígbà mẹ́ta. Etí rẹ̀ pọ́n. Mo retí pé yóò sọ ọ̀kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì gígùn rẹ̀ kó fi yọ ara rẹ̀. Dípò ìyẹn, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gùn débi pé àwọn olùkọ́ yòókù gbé orí sókè.

Nígbà tó dákẹ́, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú mi, ohùn Èkìtì sì kún inú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ka ojú ìwé yìí. Kò yé mi. Mo rò pé èmi ni mi ò gbọ́n tó. Mo ní bí àwọn ọmọ yìí bá mọ̀ pé kò yé mi, mo gbé. Ni mo bá wá ìtumọ̀ fún un."

Bàbá mi ní, "Ìtumọ̀ náà dára o. Ọmọ mi sọ ọ́ fún wa nílé. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò gbà."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní apẹja kì í wọ bàtà."

Àgùnbánirọ̀ mi orí. Ó ní kí a wá lọ sí kíláàsì.

Ó dúró níwájú àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò fi ohunkóhun pamọ́, àní èyí tó sọ pé kò yé òun. Lẹ́yìn náà ló pe ẹnìkejì mi jáde. Ó ní kó mú ìwé àròkọ rẹ̀ wá. Ó fa ìlà sórí mẹ́rin, ó kọ ogún. Ó ṣí iṣẹ́ àṣetiléwá, níbi tó ti kọ ọ́ pé kò fi ọpọlọ ṣiṣẹ́, ó fa ìlà sí ìyẹn náà. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo ka ohun tó wà nínú ìwé. Àwa yòókù ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Má bínú."

Ọmọ náà padà wá jókòó. Ó kàn tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ojú mi á ti máa rí ogún yẹn títí ilé ẹ̀kọ́ fi parí. Ọ̀rọ̀ tèmi kò lọ bí mo ṣe bẹ̀rù: àgùnbánirọ̀ kò gba méjìdínlógún mi. Ó ní àròkọ náà dára bí àròkọ, ìtàn rẹ̀ nìkan ni kò sí. N kò tíì gba máàkì kan tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi kò lọ. Wọ́n fún un ní tábìlì iwájú, ó to ìwé jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yóò fi ọ̀bẹ gé ewé tó kẹ́yìn kúrò, yóò la àyè fún un níbi tó yẹ kó wà, yóò fi gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó ti ń ṣe é, àgùnbánirọ̀ ní kí a ka ìtàn méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ wọ́n gan-an, kí a sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ìpínrọ̀-ìpínrọ̀ fún àlejò wa. Ẹnìkejì mi ló ka ti apẹja. Èmi ni wọ́n fún ní ti ọmọbìnrin tó ń wá iṣẹ́.

Mo ń ka, mo ń túmọ̀, mo ń gbọ́ ọ̀bẹ bàbá mi. Nígbà tí mo débi tí ọmọbìnrin náà ti bọ́ bàtà sílẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé lọ bá ọ̀gá, n kò gbọ́ ọ̀bẹ náà mọ́. Mo gbé ojú sókè. Bàbá mi mú ìwé kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀bẹ lọ́wọ́ òsì, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi ń di ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tó ka ọ̀kan fún un rí. Èmi, ọmọ rẹ̀, tí mo mọ ìtumọ̀ ata àti ìgbálẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Mo ka ìtàn náà tán. Òǹkọ̀wé kò sọ bóyá ọmọbìnrin náà rí iṣẹ́ gbà. Ó jáde ní ọ́fíìsì, ó gbé bàtà sábẹ́ abíyá, ó ń rìn lọ sílé, ó ń ro ohun tó máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ṣé ó rí iṣẹ́ náà?"

Àgùnbánirọ̀ ní, "Kò sí níbẹ̀, sà."

Bàbá mi fi ojú ìfura wò ó, ó yí ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ka ewé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pé. "Á jẹ́ pé òǹkọ̀wé ló ṣe ìyẹn," ó ní. "Kì í ṣe èmi." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wa rín in.

Àgùnbánirọ̀ parí ọdún ìsìnlú rẹ̀, ó padà sí Èkìtì. Ṣáájú kó tó lọ, bí nǹkan kan kò bá yé e nínú ìwé, yóò sọ pé kò yé òun, a ó sì jọ wá a; púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ewì, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá jáde, mo gba B nínú Lítíréṣọ̀. Ẹnìkejì mi gba A. Bàbá mi ní B náà dára, ó ní kí n mú ìjókòó mi wá sí ẹ̀gbẹ́ òun. Ìwé mìíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá kó dì. Ó ní kí n kà á fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má sì sọ ohun tó dúró fún.